Bí A Ṣe Ń Múra Bọ́ílà Sílẹ̀ Kí Òtútù Ìlú Ọba Tó Wọlé

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Leeds, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé omi kaná kí n tó wẹ̀. Bọ́ílà tó ń mú omi ilé gbóná kú, rédíétọ̀, irin ara ògiri tó ń mú yàrá gbóná, tutù rinrin, kóòtù ni mo wọ̀ sùn. Nígbà tí ẹnjiníà dé lọ́jọ́ kẹrin, kò tú ohunkóhun. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ílà, ó yí nǹkan kékeré méjì, ó ní kí n wo géèjì kan tí mi ò tilẹ̀ kíyè sí rí, ó gba £80, ó bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ náà kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Owó yẹn ń dùn mí títí dòní, ṣùgbọ́n òun ló là mí lójú pé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní "bọ́ílà ti bàjẹ́" kì í ṣe ìbàjẹ́ rárá. Omi ló dínkù, tàbí atẹ́gùn ló há sínú páìpù, tàbí yìnyín ló dí ihò kan níta. Àwọn wọ̀nyí, ọwọ́ wa ká wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ìdérí bọ́ílà, níbi tí gáàsì àti iná ti ń pàdé, ọwọ́ wa kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ààlà yẹn ni kí ẹ máa fi sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀

Nílé, bí ọyẹ́ bá dé, a ó fi òrí pa ètè, a ó wọ súwẹ́tà láàárọ̀, òòrùn ọ̀sán á sì yanjú ìyókù. Òòrùn Ìlú Ọba kì í bá ẹnikẹ́ni yanjú ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí òtútù àkọ́kọ́ bá mú, gbogbo àdúgbò ló ń tan bọ́ílà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ti sùn láti oṣù Karùn-ún á kọ̀ láti jí, gbogbo àwọn tó ni wọ́n á sì máa pe àwọn ẹnjiníà kan náà. Ẹni tó bá pè ní oṣù Kẹsàn-án á tètè rí wọn. Ẹni tó bá pè ní oṣù Kejìlá á tò bí ẹni tó wà lórí ìlà epo.

Èmi máa ń mú Sátidé kan tí kò sí òde ìnáwó níparí oṣù Kẹsàn-án. Ẹ yí thermostat, ohun kékeré tí ẹ fi ń sọ fún bọ́ílà bí ẹ ṣe fẹ́ kí yàrá gbóná tó, sókè kọjá bí yàrá ṣe gbóná tó, títí ẹ ó fi gbọ́ kí bọ́ílà dún. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Ẹ lọ ṣí omi gbígbóná ní kíṣìnì, kí ẹ wò ó bóyá ó gbóná dáadáa tàbí ó kàn ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí thermostat yín bá ń lo bátìrì, ẹ pààrọ̀ bátìrì kí ẹ tó sọ pé ohunkóhun bàjẹ́. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti ń wá owó bọ́ílà tuntun kiri, àṣé bátìrì méjì ló kú.

Ó nídìí tí ìdánwò yìí kì í fi í duro de òtútù. Pọ́ǹpù tó ń ti omi káàkiri inú páìpù máa ń gan bó bá sùn pẹ́ jù, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá lè rántí, kó máa tan bọ́ílà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kódà nínú oṣù Keje. Owó gáàsì tó máa jẹ kò tó nǹkan.

Irú èwo ló wà nílé yín?

Bí bọ́ílà bá so mọ́ ògiri, tí kò sí táǹkì omi kankan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí omi gbígbóná sì ń dé kété tí ẹ bá ṣí táàpù, combi nìyẹn. Òun ni ẹ ó bá nínú ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn èèyàn wa ń gbé. Bí táǹkì gíga kan tí wọ́n fi fóòmù bò bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bọ́ílà yín ń mú omi gbóná sínú táǹkì yẹn dè yín. Àwọn ilé àtijọ́ mìíràn tún ní táǹkì kékeré kan lókè àjà tó ń bu omi kún páìpù fúnra rẹ̀; irú wọn kì í sábà ní géèjì, nítorí náà ẹ fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí omi fi ń ti páìpù láti inú. Fúláàtì tó ń lo iná mànàmáná nìkan, tàbí èyí tí bọ́ílà ńlá kan ń sin gbogbo ilé láti ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀.

Ẹ fọwọ́ kan rédíétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan

Lẹ́yìn wákàtí kan yẹn, ẹ rìn yí ilé ká, yàrá sí yàrá. Ẹ fọwọ́ kan rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan lókè, ẹ kàn án nísàlẹ̀, jẹ́jẹ́ kó má jó yín. Ibi tó bá tutù ni yóò sọ ohun tó ń ṣe é.

Bó bá gbóná nísàlẹ̀ tó tutù lókè, atẹ́gùn ló há sínú rẹ̀. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì rọrùn jù. Ẹ ra kọ́kọ́rọ́ rédíétọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onípáìpù. Owó pọ́ọ́kú ni. Ẹ pa bọ́ílà, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù. Kì í ṣe ohun tí à ń ṣe nígbà tí omi gbígbóná ń sáré kiri inú páìpù, nítorí ó lè tú sí yín lára, pọ́ǹpù sì tún lè fa atẹ́gùn mìíràn wọlé. Ní igun òkè rédíétọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó rí ihò kékeré tí irin onígun mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ yí i díẹ̀ sí apá òsì. Ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìlàjì yíyí kan tó. Ẹ ó gbọ́ "ṣíì" bí ìgbà tí fọkanáísà ń tú atẹ́gùn táyà. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìsí ìró, ẹ yí i padà kó pa, ẹ má fi agbára pa á ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí irin rírọ̀ ni. Ẹ ti ìsàlẹ̀ ilé bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó gòkè. Ẹ fi aṣọ tí ẹ kò nífẹ̀ẹ́ mọ́ ṣe é, torí omi inú rédíétọ̀ lè dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò, kì í sì í tètè kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì.

Bó bá gbóná lókè tó tutù nísàlẹ̀, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́. Ìpẹtà láti inú rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti di ẹrẹ̀ dúdú tó jókòó sísàlẹ̀. Ẹnjiníà ló máa fọ̀ ọ́ jáde, kó da oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà sínú omi náà, kó sì so asẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì mọ́ páìpù kí ó máa fa ìpẹtà mọ́ra. Owó ń bẹ ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ yẹn kò ní dúró sí rédíétọ̀ nìkan, ó ń bọ̀ wá dí inú bọ́ílà. Lójú tèmi, ó sàn kí ẹ ná owó fífọ̀ ju kí ẹ ra bọ́ílà tuntun kí ẹ sì so ó mọ́ omi ẹlẹ́rẹ̀ yẹn kan náà.

Bí rédíétọ̀ kan ṣoṣo bá tutù pátápátá nígbà tí àwọn yòókù ń gbóná, ẹ wo bọ́tìnnì roboto tó wà létí rẹ̀, èyí tó ní nọ́ńbà 1 sí 5. Abẹ́ rẹ̀ ní irin tín-ín-rín kan tó ń lọ sókè sódò láti ṣí ọ̀nà fún omi. Bó bá ti wà ní pípa láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, irin náà lè gan. Ẹ yí bọ́tìnnì náà dé 5, ẹ tú òrùka tó so ó mọ́ páìpù, ẹ yọ orí rẹ̀. Ẹ fi nǹkan tó tẹ́jú tẹ irin náà wọlé jẹ́jẹ́, kó ta padà fúnra rẹ̀. Bí kò bá ta padà, ẹ rọra fi píláyà mì í. *Ẹ má fà á.* Bí irin yẹn bá jáde tán, omi ni yóò tẹ̀lé e.

Géèjì tó gba £80 lọ́wọ́ mi

Atẹ́gùn tó ti jáde lára àwọn rédíétọ̀ yẹn ti gba àyè omi, nítorí náà prẹ́ṣọ̀ yóò lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ọ̀rọ̀ géèjì sẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bu omi kún un kó tó tú atẹ́gùn, yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wo iwájú tàbí abẹ́ bọ́ílà: ẹ ó rí géèjì roboto kan, tàbí nọ́ńbà lójú ìbòjú kékeré. Nígbà tí bọ́ílà bá tutù, ó yẹ kó wà láàárín 1 àti 1.5 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn prẹ́ṣọ̀). Bó bá ń ṣiṣẹ́ tó gbóná, ó lè gòkè dé bíi 2, kò sí wàhálà. Bó bá wà nísàlẹ̀ 1, ọ̀pọ̀ bọ́ílà á kọ̀ láti tan, kí ó má bàa jó láìsí omi. Ohun tó ṣe èmi nìyẹn.

Ohun tí ẹ fi ń bu omi sí i ni páìpù rírọ̀ kan tó rí bí okùn tí wọ́n fi irin hun, ó ní táàpù kékeré lórí kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn mìíràn, ọwọ́ ìfà kékeré tàbí kọ́kọ́rọ́ ike ló wà lábẹ́ bọ́ílà. Ìwé ìlò á fi hàn yín, bí ìwé yẹn bá sì ti sọnù, orúkọ àti nọ́ńbà bọ́ílà yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì á gbé e jáde. Ẹ pa bọ́ílà, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ rí i pé orí okùn méjèèjì so dáadáa. Ẹ ṣí táàpù kan tán, kí ẹ wá ṣí èkejì díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín má kúrò lára géèjì. Ẹ ó gbọ́ kí omi máa wọlé. Bó bá ti ń sún mọ́ 1.5, ẹ pa èkejì, ẹ pa ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ yọ okùn náà bó bá jẹ́ irú tó ṣe é yọ, nítorí kò yẹ kó máa so omi ilé pọ̀ mọ́ omi bọ́ílà títí lọ. Ẹ tan bọ́ílà padà.

Ẹni tó bá gbàgbé àwọn táàpù yẹn ní ṣíṣí, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ìròyìn. Nígbà tí prẹ́ṣọ̀ bá dé 3 bar, fáàfù kan á ṣí, omi á sì máa kán láti inú páìpù bàbà kékeré tó yọrí jáde lára ògiri ìta. Bí ẹ bá rí i pé ibẹ̀ ń kán nígbà gbogbo, tàbí tí géèjì ń bọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tú atẹ́gùn, ẹ má sọ bíbu omi di iṣẹ́ òòjọ́. Omi ń jò níbì kan, tàbí agolo kékeré tó di atẹ́gùn mú nínú bọ́ílà kò ní atẹ́gùn tó mọ́. Ẹnjiníà ni kí ẹ pè.

Páìpù ike tó yọ jáde láti ara ògiri

Bí mo bá lè sọ ohun kan ṣoṣo fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tí n óò sọ nìyí, nítorí òun ló ń pa bọ́ílà tó péye ní àárọ̀ tí a nílò rẹ̀ jù.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2005 ni òfin England àti Wales ti ń fẹ́ kí bọ́ílà gáàsì tuntun jẹ́ ti condensing. Bọ́ílà àtijọ́ máa ń da èéfín gbígbóná sí ìta lásán. Ti ìsinsìnyí máa ń kọ́kọ́ fa ooru inú èéfín náà mọ́ra, títí oru omi inú rẹ̀ á fi di omi, bí ìrì tó ń dì sára ìdérí ìkòkò ìrẹsì. Omi yẹn gbọ́dọ̀ rí ibi gbà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, páìpù ike tín-ín-rín ni wọ́n gbé e gbà, ó já ògiri jáde, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Bí òtútù bá mú gan-an, omi tó ń kán díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ á dì. Páìpù dí, omi padà sínú bọ́ílà, bọ́ílà á sì pa ara rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2010, tí òtútù rẹ̀ kò ní ẹlẹgbẹ́ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù Kẹwàá, ẹ jáde lọ wò ó. Ẹ ra fóòmù tí wọ́n fi ń bo páìpù, irú tí omi òjò kò lè wọ̀, kí ẹ wé gbogbo ibi tó wà níta, dé ìgunpá rẹ̀. Kí ẹ fi téèpù dì í, kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Bí páìpù náà bá gùn níta, tàbí tó tẹ́ pẹrẹsẹ dípò kó dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀, ẹ sọ fún ẹnjiníà. Ó lè fi èyí tó fẹ̀ jù pààrọ̀ rẹ̀, 32mm dípò 21.5mm tí ẹ ó bá lára ọ̀pọ̀ ilé, tàbí kó tilẹ̀ darí rẹ̀ sí ihò omi inú ilé.

Bó bá ti dì ńkọ́? Ẹ ó gbọ́ kí bọ́ílà máa hó "gulúgulú" bí ẹni ń fi omi fọ ọ̀nà ọ̀fun, ìbòjú á sì gbé nọ́ńbà àṣìṣe kan jáde. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú jọ́ọ̀gì. *Kì í ṣe omi híhó*, torí ike lè sán. Ẹ máa rọra dà á sára páìpù náà, pàápàá ibi ìgunpá rẹ̀ àti ẹnu ibi tó ti wọ gọ́tà. Ike omi gbígbóná tí àwọn òyìnbó fi ń sùn tún dára, ẹ wé e mọ́ ọn. Nígbà tí yìnyín bá yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì àtúntàn lára bọ́ílà. Ẹ da iyọ̀ sílẹ̀ ibi tí omi bá dà sí, kí ẹ má bàa yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí páìpù náà bá sì ga débi tí ẹ ó fi gun àkàbà lórí ilẹ̀ oníyìnyín, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí i

Lọ́dún lọ́dún, ó yẹ kí ẹnì kan ṣí bọ́ílà wò. Ẹni náà gbọ́dọ̀ wà nínú Gas Safe, ìwé orúkọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ gáàsì, èyí tó rọ́pò ti àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní CORGI ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2009. Ó ní káàdì. Ẹ gbà á wò: fọ́tò rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí. Ẹ yí ẹ̀yìn káàdì náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe sí. Ẹni tí wọ́n fún láṣẹ sítóòfù gáàsì lè má ní ti bọ́ílà. Ẹ lè pe Gas Safe lórí 0800 408 5500 láti yẹ nọ́ńbà náà wò. Bọ́ílà tó ń lo epo dípò gáàsì, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní Northern Ireland àti ní àwọn abúlé, káàdì OFTEC, ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ àwọn ẹnjiníà bọ́ílà epo sílẹ̀, ni kí ẹ bi ẹnjiníà.

Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Bùròdá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, á ṣe é ní ìdajì owó. Ẹ bi bùròdá léèrè káàdì, ẹ má tijú. Bó bá ní i, ẹ gbé iṣẹ́ fún un, kí owó máa yí láàárín wa. Bí kò bá ní i, ẹ jẹ́ kó bá yín kun ilé. Kò lòdì sí òfin nìkan. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ṣí ìdérí, á wo ibi tí iná ti ń jó, á fi ẹ̀rọ wọn èéfín tó ń jáde, á yẹ prẹ́ṣọ̀ gáàsì wò, á fọ ibi tí omi condensing ti ń kọjá, á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Èyí tó kàn nu iwájú bọ́ílà, tó mu tíì, tó sì béèrè owó, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ tọ́jú ìwé tó kọ, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ílà kì í gbà láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ̀rí àyẹ̀wò ọdọọdún kò bá sí.

Ẹ̀yin ayálégbé, owó yìí kì í ṣe tiyín. Òfin ọdún 1998 pàṣẹ pé kí onílé pe ẹnjiníà Gas Safe yẹ ohun èlò gáàsì rẹ̀ wò láàárín oṣù méjìlá-méjìlá, kó sì fún yín ní ẹ̀dà ìwé náà láàárín ọjọ́ 28. Ẹ ṣì máa ń gbọ́ kí wọ́n pè é ní CP12. Bí bọ́ílà bá kú, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí onílé lórí fóònù tàbí ímeèlì, kó lè wà ní àkọsílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í ní ẹlẹ́rìí. Bó bá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sí council, ẹ̀ka tó ń rí sí ìlera àyíká.

Gáàsì tí kì í rùn

Kò sí ẹni tó dàgbà ní Nàìjíríà tí kò tíì gbọ́ ìròyìn agbo ilé tó sùn tí kò jí nítorí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀. Ohun tó pa wọ́n, carbon monoxide, ni bọ́ílà tí kò jó dáadáa náà ń tú jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí á máa fọ́ yín, òòyì á máa kọ́ yín, èébì á máa gbé yín, bẹ́ẹ̀ ẹ ó rò pé ibà ni. Bí gbogbo ilé bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara sì ń yá yín bí ẹ bá ti jáde, ẹ má padà wọlé.

Ẹ ra aláàmù rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ BS EN 50291 sí lára. Ẹ gbé e sí yàrá tí bọ́ílà wà, bíi mítà kan sí mẹ́ta sí i, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ó ti di dandan fún onílé ní England láti fi í sí yàrá tí bọ́ílà bá wà. Bí bọ́ílà yín bá ní ojú tí ẹ fi ń rí iná rẹ̀, búlúù ni kó jẹ́. Bó bá di yẹ́lò tó ń ṣe jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tàbí tí ẹ rí àbàwọ́n dúdú èéfín lára ògiri, ẹ pa á.

Àwọn ihò kan wà lára ògiri tí atẹ́gùn òtútù ń gbà wọlé, tí àwa kan fi ń ki àkísà àti ọ̀rá bọ̀ ọ́. Ẹ yọ ọ́. Bọ́ílà tàbí sítóòfù lè nílò atẹ́gùn yẹn. Ẹ má sì gbé èédú bàbékíù wọlé nítorí òtútù, ẹ má tan sítóòfù gáàsì sílẹ̀ kí yàrá lè gbóná.

Bó bá jẹ́ òórùn gáàsì ni ẹ gbọ́, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má ṣáná. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ yí ọwọ́ ìfà lára mítà gáàsì kó dábùú páìpù, ẹ jáde, kí ẹ sì pe 0800 111 999 láti ìta. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e.

Ìwọ̀n ooru àti táímà

Ọ̀pọ̀ bọ́ílà combi ni wọ́n fi sílẹ̀ sí 75 tàbí 80°C láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó. Ẹ wá bọ́tìnnì tó ní àwòrán rédíétọ̀, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí bíi 60. Bí omi tó ń padà bọ̀ láti ara rédíétọ̀ bá gbóná ju bíi 55°C lọ, bọ́ílà kò lè fa ooru inú èéfín yẹn mọ́ra dáadáa, owó yín ló sì ń bá èéfín lọ. Ilé á pẹ́ díẹ̀ kó tó gbóná, ìyẹn nìkan ni. Lọ́sẹ̀ tí yìnyín bá ń já, ẹ lè gbé e sókè díẹ̀. *Ẹ̀yin tí ẹ ní táǹkì omi gbígbóná, ẹ má sọ omi inú táǹkì kalẹ̀ sábẹ́ 60°C*, nítorí kòkòrò Legionella máa ń dàgbà nínú omi tó ń lọ́wọ́ọ́wọ́.

Thermostat tara yàrá yàtọ̀ sí ìyẹn. Láàárín 18 sí 21°C ló dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí àgbàlagbà tàbí ọmọ ọwọ́ bá wà nílé, ẹ má jẹ́ kó lọ sábẹ́ 18. Màmá tó bá wá láti Ìbàdàn wá bá yín tọ́jú ọmọ tuntun á yí i dé 30, á ní kí ilé lè tètè gbóná. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún Màmá pé kì í yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn máa ń pẹ́ kó tó pa ni. Kí ẹ wá bá Màmá ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn.

Ní Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, aago á padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Àwọn táímà àtijọ́ kò mọ̀. Ẹ lọ yí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́ílà yín á máa jí ṣáájú yín.

Bí ẹ bá ń lọ sílé fún Kérésìmesì

Èyí ni àṣìṣe tiwa gan-an. A ó pa gbogbo nǹkan nítorí owó, a ó gba Èkó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ó sì padà bá síílìn nílẹ̀. Omi tó bá dì nínú páìpù máa ń wú, á bẹ́ páìpù, nígbà tó bá sì yọ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹ má pa bọ́ílà. Ẹ fi thermostat sí bíi 12 sí 15°C, kí ó wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ẹ bá ń lo mítà tí à ń ra gáàsì sí, ẹ ra tó pọ̀, nítorí owó ojoojúmọ́ á máa yọ níbẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ sí nílé, bó bá sì tán, bọ́ílà á kú. Ẹ ṣí ẹnu àjà sílẹ̀ díẹ̀ kí ooru lè dé ọ̀dọ̀ táǹkì àti páìpù òkè. Ẹ wá táàpù àgbà tó ń pa omi gbogbo ilé; nínú ọ̀pọ̀ ilé, abẹ́ síńkì kíṣìnì ló wà. Ẹ yí i wò báyìí kó má lọ gan, kí ẹ sì fi ibẹ̀ han ẹni tí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ ilé sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ní iye ọjọ́ tí ilé lè fi ṣófo kí wọ́n tó sọ pé àwọn kò ní san nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó tú àpò gàrí àti ẹja gbígbẹ, ẹ kọ́kọ́ wo síílìn, ẹ wo géèjì. Bó bá wà láàárín 1 àti 1.5 nígbà tó tutù, ẹ gbé thermostat sókè, ẹ jẹ́ kí omi táàpù ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má tíì bọ́ kóòtù. Á gba bíi wákàtí kan.